Ta Ló Máa Kọ́kọ́ Wọ̀ Ọ́?

Ní Ẹdẹ níbí, tó bá di ọjọ́ Sátidé, kò sí àwọ̀ tí ojú ò ní rí. Ẹ sáà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìyàwó, kí ẹ máa wo gèlè: píńkì tó ń tàn yanran, àwọ̀ ewé bíi ti ewúro tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí, yẹ́lò tó lè jí ẹni tó ń sùn. Àwọn bàbá tí fìlà wọn jẹ́ àwọ̀ ọsàn á jókòó sábẹ́ kánópì, wọ́n á máa jẹ àmàlà wọn, ara ò ní ni wọ́n rárá. Nígbà tó bá wá di ọjọ́ Mọ́ńdè, gbogbo wa á padà sínú dúdú, áàṣì, àwọ̀ ilẹ̀ àti búlúù tó ti fẹ́ẹ̀ di dúdú. Ẹni tó wọ àwọ̀ ọsàn lánàá-ìjẹta, tó jó, tó náwó, tó ya fọ́tò ogójì, kò lè fi ṣẹ́ẹ̀tì àwọ̀ ọsàn jáde lọ ra búrẹ́dì.

Ara kan náà ni. Ìlú kan náà ni. Kí ló wá yí padà láàárín ọjọ́ méjì?

Àwa ọ̀rẹ́ mélòó kan tí a máa ń pàdé ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ àti lẹ́yìn kíláàsì ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí fún ìgbà díẹ̀. Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ lójú ẹni tó ní owó oúnjẹ láti wá. Ṣùgbọ́n ẹ wo inú àpótí aṣọ yín. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí ọ̀kan níbẹ̀ tí ẹ rà nítorí pé inú yín dùn sí i, tí ẹ ti wọ̀ níwájú dígí ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, tí ẹ ò tíì fi jáde rí. Ta ló gba aṣọ yẹn lọ́wọ́ yín? Kò sí olè tó wọlé.

Orí fóònù kún fún ìdáhùn tó rọrùn. Wọ́n á ní: ní ìgboyà, má wo ojú ẹnikẹ́ni. A ò ní irọ́ ni, ṣùgbọ́n ó jọ pé ẹni tó ń sọ ọ́ kò gbé irú ìlú tí ọ̀rẹ́ ìyá ẹni á ti pe ìyá ẹni lórí fóònù kí èèyàn tó dé oríta. Ohun tó tilẹ̀ da ìmọ̀ràn náà nù jù ni ọjọ́ Sátidé. Ìgboyà kankan ò bọ́ sílẹ̀ láti ọ̀run fún wa lọ́jọ́ náà. Aṣọ ẹbí ló dé. Nígbà tí ọgọ́ta èèyàn bá jọ wọ lẹ́mọ́ọ̀nù, kò sí ẹni tó nílò ìgboyà láti ṣe ìkọkànlélọ́gọ́ta. Ó wá jọ wá lójú pé ohun tí à ń pè ní ìgboyà yìí kò sí nínú àyà ẹnì kan ṣoṣo. Àwọn ẹlòmíì ló ń yá wa.

Àwọn àgbà ní èèyàn laṣọ mi. Bí a ṣe máa ń gbọ́ ọ ni pé èèyàn ló ń bo àṣírí ẹni. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá jẹ́ aṣọ ní tòótọ́, a jẹ́ pé kí kọ́lọ̀ tuntun tó dé ọrùn mi, ó ti gba ojú àwọn tó yí mi ká kọjá.

Ẹ jẹ́ ká wo bí àwọ̀ ṣe máa ń dé àárín wa. Àlàárì nìyí, ọ̀kan nínú àwọn aṣọ òkè mẹ́ta tí a fi ń yangàn, òun, sányán àti ẹtù. Ta ló máa sọ pé àlàárì kì í ṣe tiwa? Síbẹ̀, orúkọ rẹ̀ bá alharini tí àwọn Haúsá ń pe sílíìkì tan, èyí tí àwọn náà mú láti inú èdè Lárúbáwá. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ìyẹn láàárín 1800 sí 1900, láti ilẹ̀ òyìnbó ni òwú sílíìkì pupa yẹn ti ń wá: wọ́n á kó o dé Tripoli ní etí òkun, ràkúnmí á gbé e la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá dé Kano, kó tó wá bọ́ sọ́wọ́ àwọn ahunṣọ wa. Ọjọ́ kan wà, níbì kan, tí ẹnì kan kọ́kọ́ fi pupa tó ń dán bẹ́ẹ̀ jáde láàárín àwọn tó wọ aró àti funfun. A ò mọ orúkọ rẹ̀. A mọ̀ pé ó gbọ́ ọ̀rọ̀, torí Yorùbá ni wá.

Tàbí ká wá sítòsí. Òṣogbo tó múlé gbè wá yìí, ìlú aró ni wọ́n ń pè é. Fún ìgbà pípẹ́, àdìrẹ ẹlẹ́lùú ni aṣọ tí obìnrin ń lọ́ lọ sọ́jà. Ewé èlú ni wọ́n ń gún, wọ́n á mọ ọ́n ní gbìǹgbì, wọ́n á sá a, wọ́n á fi omi eérú rẹ ẹ́ fún ọjọ́ púpọ̀ nínú ìkòkò títí tó fi máa kan. Bí ẹ bá ti bọ aṣọ náà ní àbọ̀túnbọ̀ tó ló ṣe máa dúdú tó. Ìyá Màpó, òrìṣà iṣẹ́ ọwọ́ àwọn obìnrin, ni àwọn aláró ń wárí fún kí aró má bàjẹ́. Àwọ̀ kan náà ni, láti orí bíi ojú ọ̀run àárọ̀ dé orí dúdú tó ń kọ mọ̀nà. Ìgbà tí aró òyìnbó inú agolo, kọ́sítíìkì àti háídírò wá di ohun tí gbogbo èèyàn lè rà, ní òpin àwọn ọdún 1960, ni àdìrẹ alámì mèremère bẹ́ sígboro: pọ́pù, yẹ́lò, àwọ̀ ewé, gbogbo rẹ̀ lórí aṣọ kan. Wọ́n sọ ọ́ ní kàm̀pálà. Ọ̀pọ̀ èèyàn so orúkọ náà mọ́ ìpàdé àlàáfíà nípa ogun abẹ́lé Nàìjíríà tí wọ́n ṣe ní Kampala, lórílẹ̀-èdè Uganda, ní oṣù Karùn-ún ọdún 1968. Ẹ wo bí èèyàn wa ṣe gbọ́n: wọ́n gba orúkọ tó wà lẹ́nu gbogbo ayé lórí rédíò, wọ́n fi bo aṣọ tí ojú ò tíì mọ̀.

Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ẹ ní kí ìyá àgbà yín ṣí àpótí wọn. Nínú àkísà yẹn lẹ ó ti rí pọ́pù àti yẹ́lò tí wọ́n fi dá ìgboro rú nígbà èwe wọn, àwọn kan náà tó ń sọ lónìí pé aṣọ yín ti ń pariwo jù.

Ẹdẹ tiẹ̀ yẹ kó mọ̀ ju ibòmíì lọ. Ìlú Tìmì ni, ìlú tí ìtàn rẹ̀ so mọ́ Ṣàngó láti ìgbà Àgbálé Olófà-iná, tí wọ́n sì ń ṣọdún Ṣàngó lọ́dọọdún. Ẹ rí pupa níbẹ̀. Ìlú yìí kan náà ló ní ọba Mùsùlùmí láàárín 1800 sí 1900, Tìmì Abíbù Lágúnjú, kí ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá tó ní irú rẹ̀. Ẹ jáde lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹ rí funfun bíi lékeléke. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ẹ rí sùtánà. Insa Nolte, Olukoya Ogen àti Rebecca Jones jọ ṣe olóòtú odidi ìwé kan ní 2017 lórí bí Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì àti onísẹ̀ṣe ṣe ń bá ara wọn gbé nílùú yìí. Pupa, funfun, gbogbo wọn ń gba títì kan náà kọjá, kò sẹ́ni tó ń yẹjú, torí pé ẹgbẹ́ wà lẹ́yìn àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá jẹ́ kí ọ̀dọ́ kan dá wọ pupa látòkè délẹ̀ lọ́jọ́ Túsìdeè tí kò lórúkọ. Wọ́n á ní Ṣàngó ti gùn ún. Àwàdà ni, a mọ̀. Àmọ́ ó ń ta èèyàn.

A ò wá ní kí gbogbo ẹni tó ń wọ dúdú máa rò pé ojo lòun. Eruku ọyẹ́ wà. Ọ̀kadà wà. Ẹni tó ní ṣòkòtò méjì, tí yóò fi ọ̀kan lo ọjọ́ mẹ́rin, kò lè fi funfun ṣeré, ọgbọ́n ni tirẹ̀. Ẹni tí dúdú wù látọkànwá náà wà, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ jàre. Ẹni tí ọ̀rọ̀ wa kàn ni ẹni tí yẹ́lò wù, tó ní yẹ́lò, tí yẹ́lò rẹ̀ sì wà nínú láílọ́ọ̀nù.

Àwọn ọkùnrin àárín wa lọ̀rọ̀ yìí le fún jù. Píńkì di àwọ̀ obìnrin lẹ́nu wọn, wọ́n á máa sọ ọ́ bí ẹni pé ó wà nínú Ifá. Àwọn bàbá ńlá tó fi agbádá àlàárì jókòó níwájú ọba, ṣé ẹ ti wo àwọ̀ rẹ̀ dáadáa? Pupa tó ń fa sí píńkì lọ́pọ̀ ìgbà ni! Kò sẹ́ni tó pè wọ́n ní obìnrin. Kódà ní Amẹ́ríkà níbi tí àṣà píńkì-fún-obìnrin yìí ti fẹsẹ̀ rinlẹ̀, ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, àwọn ìwé ìròyìn àti ilé ìtajà kan níbẹ̀ ń gba àwọn òbí níyànjú pé píńkì ló yẹ ọmọkùnrin. Àwa wá gba àṣẹ tí àwọn onítọ̀hún fúnra wọn ò tíì dì mú pẹ́, a fi ń dẹ́rù ba ara wa ní Ẹdẹ.

Ẹnì kan nínú wa wá béèrè pé: bó bá jẹ́ pé ẹgbẹ́ ló ń fún èèyàn nígboyà, ṣé kò wá di àwáwí? Kí kálukú kàn jókòó máa retí ẹgbẹ́? Ìbéèrè yẹn mú wa lọ́rọ̀ pẹ́. Bí gbogbo wa bá ń retí, kò sẹ́ni tó máa wọ nǹkan kan. Ẹnì kan ní láti dá jáde ṣáájú. Owó kan sì wà tí ẹni náà ń san: ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n á fi máa pè é ní tráfíìkì, ní egúngún, ní ẹni tó ń wá ojú ayé. Lẹ́yìn ìyẹn, ojú á mọ́ ọn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹlòmíì á ra tirẹ̀, kò ní san kọ́bọ̀ nínú ẹ̀fẹ̀ yẹn, torí ẹni àkọ́kọ́ ti san án tán.

Ibi tí a bá ọ̀rọ̀ náà dé nìyẹn o. A fi ìbéèrè "báwo ni mo ṣe máa láyà" sílẹ̀, a wá ń béèrè pé: lọ́wọ́ ta ni à ń gba owó yìí? Àwa tí a ń wò la ń dá iye rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu ẹni mẹ́ta àkọ́kọ́ tí èèyàn bá pàdé lẹ́nu ọ̀nà ló ń sọ bóyá aṣọ yẹn á padà sínú àpótí. Ẹni tó bá sì sọ pé "ṣebí mo kàn ń ṣàwàdà ni", kó ka iye aṣọ tí àwàdà ti sin.

Èdè wa ti pèsè ohun tó yẹ ká sọ. Tí a bá rí aṣọ tuntun lọ́rùn èèyàn, a máa ń ní "wàá lò ó gbó, wàá lò ó ya." Ẹ fetí sí i dáadáa. Àdúrà yẹn ò sọ pé ó yẹ ọ́, kò sì sọ pé kò yẹ ọ́. Kò béèrè àwọ̀. Ẹ̀mí ẹni tó wọ̀ ọ́ ló ń bẹ̀bẹ̀ fún.

A gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ yẹn lọ́dún tó kọjá. Ìyá kan ládùúgbò pàdánù ọkọ rẹ̀. Ó ṣe opó oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá bí ẹ̀sìn ṣe là á kalẹ̀, ó sì parí rẹ̀. Síbẹ̀, ó lé lọ́dún kan, dúdú àti àwọ̀ ilẹ̀ nìkan ló ń wọ̀. Kò sí àáfà tó pàṣẹ bẹ́ẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó mú àǹkàrá wá nínú láílọ́ọ̀nù dúdú, àwọ̀ ìbẹ́pẹ tó pọ́n. Ó ní kí télọ̀ bá òun rán ìró àti bùbá, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀: "Ṣé wọn ò ní máa ní mò ń wá ọkọ báyìí?"

Télọ̀ ò rí nǹkan sọ, ọmọdé ni. Ìyá àgbà kan tó jókòó de aṣọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló dá a lóhùn. Kò ní wọn ò ní sọ ọ́. Ó na ọwọ́ gba aṣọ náà, ó tẹ́ ẹ sórí itan, ó fọwọ́ pa á.

"Wàá lò ó gbó, ọmọ mi. Ọjọ́ wo lo fẹ́ gbé e jáde? Èmi náà ní yẹ́lò kan nílé."

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n fi àdéhùn sí. A rí wọn lọ́nà Ọjà Tìmì, ọ̀kan nínú ìbẹ́pẹ, ìkejì nínú yẹ́lò tó ti ṣá díẹ̀ létí, wọ́n ń bá ara wọn jiyàn lórí iye tí tòmátì dà.