Ẹsẹ̀ Ọba Ásà, Ẹsẹ̀ Àgbẹ̀ Owódé

Ní ọdún kọkàndínlógójì tí Ásà ti ń jọba ní Júdà, àìsàn mú un lẹ́sẹ̀. Ìwé Kíróníkà Kejì, orí 16, ló sọ ọ́. Àìsàn náà le kọjá sísọ, síbẹ̀ ọba kò tọ Olúwa lọ. Ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn ló sá sí. Nígbà tó di ọdún kọkànlélógójì, ó wàjà. Ọ̀pọ̀ oníwàásù ti fi ìtàn yìí dá aláìsàn padà lójú ọ̀nà ọsibítù. Wọ́n ní ẹni tó bá wá dókítà ti kẹ̀yìn sí Ọlọ́run.

Ní Owódé, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ẹsẹ̀ ni ènìyàn fi ń jẹun. Ìlú Ọ̀fàdà, tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ìrẹsì, wà ní ìjọba ìbílẹ̀ kan náà. Àgbẹ̀ á wà lórí ìdúró nínú oko ìrẹsì, ìyá ọlọ́jà á wà lórí ìdúró nídìí igbá. Bí irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá wá ń dunni, kíá ni ẹnu á ti pọ̀. Ẹnì kan á ní làkúrègbé ni, kó wá àgbo mu. Òmíràn á ní ó ti tẹ nǹkan ní oríta. Ẹ̀kẹta á ní kó gba ààwẹ̀. Ìbéèrè tí gbogbo wọn sì ń yí po ò ju ẹyọ kan lọ: ta ló ṣe é?

Ìbéèrè ẹ̀sìn gidi wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí, ó sì yẹ ká fara balẹ̀ dáhùn rẹ̀. Ṣé àìnígbàgbọ́ ni kí ènìyàn yẹ ara rẹ̀ wò dáadáa kó tó máa wá ọ̀tá kiri?

Ẹ gbọ́ ohun tí ẹsẹ̀ ń sọ ná. Láti ọdún 1628 tí William Harvey, dókítà ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti tẹ ìwé rẹ̀ jáde ni ó ti hàn kedere pé ẹ̀jẹ̀ kan náà ló ń jáde lọ́kàn tó tún ń padà síbẹ̀. Ẹsẹ̀ ló jìnnà sí ọkàn jù. Nígbà tí ọ̀rá bá lẹ̀ mọ́ inú iṣan ẹ̀jẹ̀, tí ọ̀nà há, ẹ̀jẹ̀ tó ń kọjá á tó ẹni tó jókòó, kò ní í tó ẹni tó ń rìn. Ìrora á wá gbá a mú ní ẹran ẹ̀yìn ojúgun. Bó bá dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀, á lọ. Bó bá tún rìn tó bíi ti àkọ́kọ́, á padà dé. Oríkèé ni làkúrègbé ti ń dunni, kì í sì í wọn ìrìn báyìí.

Àmì mìíràn tún wà. Ẹsẹ̀ kan á tutù ju èkejì lọ. Irun ojúgun á re, awọ ibẹ̀ á máa dán. Ọgbẹ́ kékeré lórí ọmọ ìka á kọ̀ láti jinná fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Lára aláwọ̀ dúdú, àtẹ́lẹsẹ̀ àti èékánná ni kí wọ́n ti wo bí àwọ̀ ṣe ń yí padà, torí ibòmíràn kì í tètè fi hàn. Sìgá, àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru ló sábà máa ń wà nídìí iṣan tó há. Ìṣirò àwọn onímọ̀ fún ọdún 2010 sọ pé ó lé ní 200 mílíọ̀nù ènìyàn lágbàáyé tí iṣan ẹsẹ̀ wọn há bẹ́ẹ̀.

Àtọ̀gbẹ sì burú ní ti pé ó máa ń pa ìmọ̀lára ẹsẹ̀. Alátọ̀gbẹ lè tẹ ìṣó kó má mọ̀, títí ẹsẹ̀ á fi máa rùn. Nígbà náà, òótọ́ ni wọ́n sọ pé ó tẹ nǹkan. Ìṣó ni, kì í ṣe ẹbọ.

Àmì méjì wà tí kò ṣeé fi falẹ̀ rárá. Bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú lójijì, tó gbóná, tó ń ro, ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú iṣan. Ẹ̀jẹ̀ dídì yẹn lè gbéra lọ sí ẹ̀dọ̀fóró kó pa ènìyàn lọ́jọ́ kan náà. Bí ẹsẹ̀ bá sì ṣàdédé tutù bí òkúta, tó ń dunni gidigidi, wákàtí ni wọ́n fi ń ka ohun tó kù fún un. Ẹni tó bá mú irú èyí lọ sí ìsọ́ òru ọjọ́ mẹ́ta ti fi ẹsẹ̀ náà ta tẹ́tẹ́.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká padà ka orí 16 yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí àìsàn tó mú Ásà, aríran kan tó ń jẹ́ Hánánì ti wá kìlọ̀ fún un. Inú bí ọba, ó sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n. Ẹni tí kì í gba ìkìlọ̀ ni Ásà, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn kankan. Ìwé náà kò bú oníṣègùn. Nígbà tí Hesekáyà ń ṣàìsàn, tí Ọlọ́run sì ti ṣèlérí ìwòsàn, Àìsáyà wòlíì fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n fi èso ọ̀pọ̀tọ́ lé oówo rẹ̀. Ànábì Muhammad náà pàṣẹ pé kí àwọn ènìyàn máa wá ìtọ́jú, torí Ọlọ́run kò dá àrùn láìdá oògùn rẹ̀. Ìtàn Ifá kan sì sọ bí gbogbo Orí ṣe pe ìpàdé láìpe Ẹsẹ̀. Ìjà ni ìpàdé náà dà, àfìgbà tí wọ́n ránṣẹ́ pè é.

Àwọn tó kọ oògùn sílẹ̀ kì í ṣe òmùgọ̀. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1918 ń pa ènìyàn, tí dókítà pàápàá kò rí i ṣe, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ aládùúrà tí wọ́n ń pè ní Òkúta Iyebíye ní Ìjẹ̀bú-Òde di àdúrà mú, àdúrà náà sì dì wọ́n mú. Ṣùgbọ́n Abẹ́òkúta ní ìtàn mìíràn. Àlùfáà Kátólíìkì ni Jean-Marie Coquard, òun náà ló sì ń ṣe iṣẹ́ abẹ ní ọsibítù Lántòrò tó bẹ̀rẹ̀ ní 1895. Ní ọsibítù àrùn ọpọlọ ní Aró, láti 1954, dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wá bá a ṣiṣẹ́. Kò sí nínú àwọn méjèèjì tó rò pé Ọlọ́run ń bá ọwọ́ ènìyàn jowú.

Nítorí náà, pásítọ̀ tàbí ààfáà tí wọ́n bá mú ẹlẹ́sẹ̀ dídùn wá bá, kó ní kí ó bọ́ bàtà méjèèjì kó tó gbàdúrà. Kó wo àárín ọmọ ìka. Kó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọ̀tún àti tòsì wò, kó mọ èyí tó tutù. Kó fi ìka méjì tẹ orí ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́, ní ọ̀gangan àárín àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀lé e, kó wá bí iṣan ṣe ń lù. Bí kò bá rí i, ọsibítù á fi ẹ̀rọ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn apá, wọ́n á fi wọn ọrùn ẹsẹ̀, wọ́n á sì fi méjèèjì wéra. Bí ti ẹsẹ̀ kò bá tó 0.9 ti apá, iṣan ti há. Kó gbàdúrà fún un tán, kó sì bá a wá owó ọkọ̀.