Yèyé, Omi Àdúrà àti Oògùn Ibà

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ bá mi dá ọ̀rọ̀ yìí rò. Bí ìyá àgbà tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ tẹ̀ lé ìlànà kan nínú ìgbàgbọ́ bá torí ọmọ ọmọ rẹ̀ yẹ ìlànà náà lọ́jọ́ kan, ṣé ó ba ẹ̀sìn ọmọ náà jẹ́ ni, àbí ó kọ́ ọ ní ẹ̀sìn? Kì í ṣe pé mo fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàrin àwọn onígbàgbọ́ o. Ọ̀rọ̀ ara mi ni.

Ìwàràjà ni mo dàgbà sí, lọ́dọ̀ ìyá tó bí ìyá mi. Ẹni tó bá ti gba Iléṣà lọ sí Àkúrẹ́ rí yóò mọ ibẹ̀, oríta tí ọ̀nà Èfọ̀n-Aláayè àti Adó-Èkìtì ti yà. Ìbàdàn ni àwọn òbí mi ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì fi mí sọ́dọ̀ Yèyé, bí ọ̀pọ̀ òbí ti ń ṣe. Àwọn ènìyàn a máa sọ pé àkẹ́bàjẹ́ ni ọmọ tí ìyá àgbà bá tọ́. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò bá Yèyé gbé! Kí ilẹ̀ tó mọ́, agogo wọn ti dún. Bí mo bá ń tòògbé, wọ́n á fi ẹsẹ̀ kàn mí, wọn kò ní dá àdúrà dúró. Ohun tí mo rántí jù nínú àdúrà náà ni orúkọ àwọn awakọ̀. Kò sí awakọ̀ oríta wa tí Yèyé kì í dárúkọ, títí kan èyí tó jẹ wọ́n lówó iṣu.

Ní oṣù keje ọdún 1930 ni ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooye, Iléṣà, lábẹ́ Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ẹni tó ń wa katakata tí ń tẹ ọ̀nà kó tó gba ìpè ní 1928. Ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ló gbé omi wá fún àdúrà. Ọmọ bí ọdún mẹ́jọ ni Yèyé nígbà náà. Ìyá àgbà tiwọn ló mú wọn lọ, àwọn ni wọ́n ru kèrègbè.

Ọ̀rọ̀ oògùn kì í ṣe kékeré láàrin àwọn tí ìsọjí náà bí. Lápá ìparí àwọn ọdún 1930, àríyànjiyàn dé nítorí àwọn òyìnbó ajíhìnrere Ìjọ Àpọ́sítélì tí ń lo kúnínì. Ó wà lára ohun tó pín ìjọ náà, tí Ìjọ Àpọ́sítélì ti Kristi, CAC, fi dá dúró. Ẹ wò ó, oògùn ibà lásán! Ṣùgbọ́n lójú wọn, ẹni tó bá di Ọlọ́run mú kò gbọdọ̀ tún na ọwọ́ kejì sí ìgò oògùn.

Mo tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀. Yèyé gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, omi àdúrà nìkan ni mo ń mu. Ìyá mi dé láti Ìbàdàn, wọ́n rí i pé ojú mi ti yí, wọ́n gbé mi lọ sí Iléṣà láì kí ìyá wọn. Díẹ̀ ló kù. Mi ò ní bo ẹ̀bi Yèyé mọ́lẹ̀: ká ní mo kú ni, ìgbàgbọ́ wọn ni ì bá pa mí.

Lọ́dún kejì, ibà tún dé. Yèyé jókòó tì mí títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tó yá, wọ́n wé gèlè, wọ́n jáde. Nígbà tí wọ́n padà, wọ́n tú etí ìró wọn: hóró oògùn ibà ni, irú èyí tó korò bí ewúro, tó sì máa ń mú ara yún ni. Wọ́n bu omi àdúrà sínú ife tánganran wọn, wọ́n kúnlẹ̀ pẹ̀lú arúgbó ara, wọ́n gbàdúrà pẹ́. "Ọmọ mi, gbé e mì." Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Àwọn fúnra wọn kò fi oògùn kan ẹnu títí wọ́n fi kú.

Alàgbà kan gbọ́, ó wá bá Yèyé wí níṣojú mi. Ó ní ọmọ tó bá rí i tí àgbà yẹ̀ lónìí, òun náà yóò yẹ̀ lọ́la. Mi ò lè sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò nítumọ̀. Kí ni ọmọdé fẹ́ dì mú bí àgbà bá ń ṣí òpó kiri? Yèyé ò bá a jiyàn.

"Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ̀mí tèmi ni mo fi lé Olúwa lọ́wọ́. Èyí, wọ́n ní kí n bá àwọn tọ́jú ẹ̀ ni."

Mo ti ń rò ó láti ìgbà náà. Pọ́ọ̀lù rántí Lọ́ìsì, ìyá àgbà Tímótíù, pé inú rẹ̀ ni ìgbàgbọ́ ti kọ́kọ́ wà, àti nínú Yùníìsì ìyá rẹ̀. Kò sọ bó ṣe ti ọ̀dọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì. Ní tèmi o, kì í ṣe agogo ìdájí ló gbé e dé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé agogo náà wúlò. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn ni. Ká ní Yèyé kàn ju oògùn náà sí mi láìbìkítà ni, mi ò rò pé mo máa rí nǹkan kan kọ́. Mo rí i lọ́jọ́ náà pé Ọlọ́run tí wọ́n ń sìn kì í ṣe eré lọ́wọ́ wọn, àti pé nítorí bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọn ò ṣe fẹ́ fi ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ dán An wò.

Ìyá mi ti fẹ̀yìn tì báyìí, wọ́n ti padà sí Ìwàràjà. Nígbà tí ọmọ mi obìnrin lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ wọn, ara rẹ̀ gbóná. Mo pè wọ́n lórí fóònù, mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

"A ti ti ibẹ̀ dé," ni ìyá mi wí. "Dúró ná, ife tánganran Yèyé ni mò ń wá."