Lẹ́yìn Bọ́ọ̀lù 68

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ìbéèrè tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe tuntun, ibi tí mo ti bá a pàdé ló ṣàjèjì. Bí èèyàn bá pinnu ohun kan, tí ohun náà wá dojú rú, ṣé ìpinnu yẹn ni kò dáa ni, àbí ibi tó já sí nìkan ni kò dáa? Ẹni tó bá ní ọ̀kan náà ni méjèèjì, ẹ jẹ́ ká jọ dé ìlú Atlanta ní Amẹ́ríkà, lọ́jọ́ 29, oṣù kẹta, ọdún 2018.

Béésíbọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá. Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú wa kò mọ orí kò mọ ìdí eré yìí. Èmi náà, ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé ní Philadelphia ló fi fóònù kọ́ mi, sùúrù tó fi kọ́ mi sì pọ̀. Ohun tí ẹ nílò láti mọ̀ kò tó nǹkan. Ẹnì kan dúró láàárín pápá, ó ń ju bọ́ọ̀lù. Mò ń pè é ní ajubọ́ọ̀lù. Ẹnì kan láti ẹgbẹ́ kejì mú igi dání, ó fẹ́ gbá a. Ẹ jẹ́ ká pè é ní onígi. Onígi 9 ní í tẹ̀lé ara wọn. Tí wọ́n bá tò tán, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ látorí ẹni àkọ́kọ́. Ìpín 9 ni eré kan ní. Tí onígi bá gbá bọ́ọ̀lù kọjá ọgbà, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ tó ti wà lójú ọ̀nà á sáré wọlé, ayò kọ̀ọ̀kan ni gbogbo wọn. Ajubọ́ọ̀lù tí mánéjà bá sì ti yọ kúrò kò gbọ́dọ̀ padà sínú eré ọjọ́ yẹn mọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà: ìpinnu tí kò ṣeé dá padà.

Gabe Kapler ni mánéjà tuntun tí ẹgbẹ́ Philadelphia Phillies ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà, ọjọ́ yẹn ni eré àkọ́kọ́ rẹ̀ pẹ̀lú wọn. Aaron Nola, ajubọ́ọ̀lù tó dáńtọ́ jù lọ láàárín wọn, ń ju bọ́ọ̀lù bí ẹni ń fi wọ́n ṣeré. Ayò 5 sí òdo ni wọ́n fi ń na Atlanta Braves. Ó di ìpín kẹfà. Bọ́ọ̀lù 68 péré ni Nola tíì jù, bẹ́ẹ̀ ajubọ́ọ̀lù tára ẹ̀ le lè ju 90 tàbí 100 kó tó kúrò. Kapler ní ó tó, ó yọ ọ́, ó fi Hoby Milner rọ́pò ẹ̀. Freddie Freeman ló kàn láti mú igi. Ó gbá bọ́ọ̀lù Milner kọjá ọgbà, ayò 2 wọlé. Báyìí ni wọ́n ṣe ń jẹ àlàfo náà díẹ̀díẹ̀, títí Nick Markakis fi gbá tiẹ̀ náà kọjá ọgbà ní ìpín kẹsàn-án, ayò 3 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Braves 8, Phillies 5. Ó parí.

Ariwo ta. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí ní ilé ìwobọ́ọ̀lù wa níbí tí kóòṣì bá yọ ẹni tó ń dán mọ́rán, tí wọ́n sì jẹ góòlù lẹ́yìn ẹ̀: gbogbo èèyàn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, kò sẹ́ni tí kò mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Philadelphia rí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wà nínú ìpinnu yẹn. Ìgbà kẹta nìyẹn tí Freeman máa kojú Nola lọ́jọ́ náà. Ìṣirò ọ̀pọ̀ ọdún ti fi hàn pé onígi máa ń gbá bọ́ọ̀lù dáadáa sí i bó bá ti rí ajubọ́ọ̀lù kan náà lẹ́ẹ̀kẹta. Ojú ẹ̀ ti mọ́ ọn. Ẹ̀wẹ̀, ọlọ́wọ́-òsì ni Freeman, ọlọ́wọ́-òsì ni Milner, a sì mọ̀ nínú eré yìí pé onígi ọlọ́wọ́-òsì kì í sábà gbádùn ajubọ́ọ̀lù ọlọ́wọ́-òsì. Oṣù kẹta la sì wà, apá ajubọ́ọ̀lù kì í tíì le tán nígbà tí sáà bá ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ lè má gba ìdí wọ̀nyí o, ṣùgbọ́n ìdí ni wọ́n. Ká ní Freeman gbá bọ́ọ̀lù yẹn sókè lásán, tí ẹnì kan sì mú un láfẹ́fẹ́, ìpinnu kan náà ni, ìdí kan náà ni, àwọn tó ń pe Kapler ní wèrè ì bá máa pè é ní ọlọ́gbọ́n ayé. Kí ló yí padà nínú orí ọkùnrin yẹn? Kò sí. Igi ẹlòmíì ló yí i padà.

Ẹ tún wo Grady Little, mánéjà Boston Red Sox lọ́dún 2003. Ó fi Pedro Martínez sílẹ̀ lórí pápá ní ìpín kẹjọ, nígbà tí ọ̀pọ̀ rò pé ó yẹ kó yọ ọ́. New York Yankees bá wọn dọ́gba, wọ́n sì borí níkẹyìn. Wọn ò fún Little níwèé iṣẹ́ tuntun lẹ́yìn sáà yẹn. Èyí yọ ẹni, wọ́n bú u. Èyí kò yọ ẹni, iṣẹ́ lọ.

Mo gbé gbogbo èyí fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní, "Àbúrò, ìṣirò kì í ju bọ́ọ̀lù. Nola ò tíì rẹ̀. Ojú la fi ń wo ọmọ èèyàn." Ká sòótọ́, ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára. Látara ọgọ́rọ̀ọ̀rún ajubọ́ọ̀lù ni ìṣirò yẹn ti wá, Nola ọ̀sán ọjọ́ yẹn sì jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo. Ohun tí ojú rí lára ẹ̀ jẹ́ ìmọ̀ pẹ̀lú, ó sì wà níbẹ̀ fún Kapler láti lò. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe ká bá a wí láìmẹ́nu kan Freeman rárá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti pariwo kí igi tó kan bọ́ọ̀lù nìkan ni mo gbà fún. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ti ń pariwo látìgbà tí Kapler ti gbẹ́sẹ̀ jáde. N ò sí níbẹ̀, n kì í sì í bá ẹ̀gbọ́n mi jiyàn lórí irú ìyẹn.

Èmi tí mò ń kọ́ èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ méjì ló sọ sí mi lọ́kàn: àṣìṣe àti àbámọ̀. Ẹ tú wọn wò. Àṣìṣe: ṣíṣe yẹn fúnra ẹ̀ ni wọ́n ṣì, àléébù wà nínú iṣẹ́ náà kó tó já síbì kankan. Àbámọ̀: à bá mọ̀, ìyẹn ni pé a ò mọ̀, ìmọ̀ yẹn kò tíì dé nígbà tá a ń ṣe é. Wọ́n ní àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀, wọn ò sọ pé ó ń ṣíwájú ẹ̀. Àbámọ̀ ni ọ̀rọ̀ Nola, lójú tèmi.

Àṣìṣe ńkọ́? Kò pẹ́ tó fi dé. Lọ́jọ́ kejì sí i, ọjọ́ 31, Kapler jáde lọ yọ Vince Velasquez ní ìpín kẹta, ó ní kí Milner máa bọ̀. Milner kò tíì ju bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo láti fi na apá! Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kó múra. Rẹfirí ṣàánú wọn, ó fún un láyè díẹ̀ sí i. Brian Snitker, mánéjà Braves, fárígá lórí ẹ̀ títí wọ́n fi lé e kúrò ní pápá. Ayò 15 sí 2 ni Braves fi nà wọ́n lálẹ́ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ayò yẹn ló mú kí n bínú. Apá ajubọ́ọ̀lù ni oko rẹ̀, òun ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Kéèyàn ní kó wá fi apá tútù jùkò nítorí pé ẹnì kan gbàgbé láti pè é sílẹ̀, bí Milner bá tiẹ̀ lé gbogbo onígi Atlanta dànù pátá, ó ṣì burú. Kò sí ìṣirò tí Kapler lè sá sẹ́yìn ẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n padà sílé lọ́jọ́ 5, oṣù kẹrin, eré 1 péré ni wọ́n ti jẹ nínú 5. Wọ́n dárúkọ Kapler, àwọn ará Philadelphia hó lé e lórí. Phillies na Miami Marlins 5 sí òdo lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì sí i, wọ́n nà wọ́n ní 20 sí 1.

Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dÍfá ọrọọrún. (Ajubọ́ọ̀lù tó ń bẹ̀rẹ̀ eré náà, ọrọọrún ni tiẹ̀ sábà máa ń kò; mo kàn ní kí n sọ ọ́ ni.) Eré 162 ló wà nínú sáà kan, 5 kò tó ìdá kan nínú ọgbọ̀n. Nígbà tó fi di ọjọ́ 5, oṣù kẹjọ, Phillies ti jẹ 63, wọ́n pàdánù 48, àwọn ló wà lókè ìsọ̀rí wọn. Kapler ti di ọlọ́pọlọ. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ yọ̀ mọ́ wọn lẹ́sẹ̀, wọ́n parí sáà pẹ̀lú 80 sí 82. Ó tún di òmùgọ̀. Ní 2019 wọ́n jẹ 81, wọ́n pàdánù 81, wọ́n lé e. Ó lọ sí San Francisco Giants, ní 2021 wọ́n jẹ eré 107, irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí nínú ìtàn ẹgbẹ́ náà, wọ́n sì fi í ṣe Mánéjà Ọdún ní National League. Ní oṣù kẹsàn-án 2023, wọ́n lé e níbẹ̀ náà. Nola ńkọ́? Eré 17 ló jẹ ní 2018, ó pàdánù 6.

Èwo nínú gbogbo àbájáde yìí ló máa dá ẹjọ́ bọ́ọ̀lù 68 náà? Adájọ́ tó ń yí ẹnu padà ní gbogbo ìgbà tá a bá bi í léèrè, ta ló ń gbé ẹjọ́ lọ bá irú ẹ̀?

Síbẹ̀ n ò fẹ́ tú Kapler sílẹ̀ jù. Tá a bá ní ìdí nìkan la ó máa wò, gbogbo olórí pátá ló máa rí ibi sá sí. A mọ̀ wọ́n, àwọn tó jẹ́ pé bí nǹkan bá bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, "èmi ṣe ohun tó yẹ o" ni. Tèmi ni pé kí olórí ṣí ìdí ẹ̀ síta, ká lè gbé e yẹ̀wò bó ṣe rí lọ́jọ́ tó pinnu. Kó sì ru ẹrù ohun tó bá tẹ̀yìn ẹ̀ yọ, bí kò tiẹ̀ jẹ̀bi. Ẹ̀bi lọ́tọ̀, ẹrù lọ́tọ̀. Ará Philadelphia tó fowó ra tíkẹ́ẹ̀tì kò jẹ̀bi kankan, òun náà ṣáà gbé ìpín tiẹ̀ nínú ìjákulẹ̀ ọjọ́ yẹn lọ sílé.

Ká ní mo wà ní pápá wọn lọ́jọ́ 5, oṣù kẹrin yẹn, èmi náà máa hó. Nítorí Milner ni mo máa fi hó, kì í ṣe nítorí Nola. Bí ẹni tó jókòó tì mí, tàbí Kapler fúnra ẹ̀, ṣe máa wá fetí mọ ìyàtọ̀ láàárín igbe méjèèjì, n ò tíì rí i yanjú.