Bí Àgbà Bá Ṣubú

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Òkúta kan náà lè gbé ọmọdé àti àgbà ṣubú lójú ọ̀nà kan náà. Ohun tí ojú ń wá lẹ́yìn ìṣubú ló yàtọ̀. Ọmọdé ń wo iwájú bóyá yóò rí ẹni tí yóò gbé òun dìde, tí yóò gbọn eruku ara òun nù, tí yóò sì bá òun na ilẹ̀ tó gbé òun ṣubú. Àgbà ò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò dìde, ọ̀nà yẹn náà ni yóò sì tún gbà lọ́la, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ mọ ohun tó fẹsẹ̀ kọ.

Òwe yìí ni mo fẹ́ kí gbogbo òṣìṣẹ́ fi ka ọdún tó kógbá sílé. Nígbà tí ọdún bá ń lọ sópin, iwájú ni ọ̀pọ̀ wa ń wò: ọdún tuntun á san wá, ọ̀gá á gbé wa ga, oníbàárà á pọ̀. Àdúrà dára, mo sì ń ṣe àmín sí i tọkàntọkàn. Àmọ́ bí a ò bá mọ ohun tó dí wa lọ́wọ́ lọ́dún tó kọjá, òun náà la máa tún bá pàdé.

Ẹ jẹ́ ká wo àpẹẹrẹ kan. Ní ọdún 1841, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta wọ Odò Ọya. Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣoògùn tí wọ́n ti kó lẹ́rú rí, wà nínú ìrìn àjò náà, òun àti J. F. Schön, ajíhìnrere ará Jámánì. Ibà kọlù wọ́n. Nínú àwọn òyìnbó bíi 145 tó wọkọ̀, àwọn tó kú tó 40, ìrìn àjò náà sì forí ṣánpọ́n. Wọn ì bá kàn ṣọ̀fọ̀, kí wọ́n gbàgbé Ọya. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà tó yè jókòó ti àkọsílẹ̀: ta ni ibà mú, ìgbà wo ló mú un, kí ni wọ́n fún un lò? Schön ní tirẹ̀ rí i pé ibà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣe àwọn adúláwọ̀ ní nǹkan, ó sì gba CMS, ẹgbẹ́ ajíhìnrere tó rán wọn, nímọ̀ràn pé kí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà fún iṣẹ́ ìhìnrere, kí wọ́n sì fọwọ́ gidi mú èdè wọn. Ní 1843, Crowther di àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù. Lọ́dún yẹn kan náà ni ìwé rẹ̀ lórí àwọn ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá jáde.

Nígbà tí Dókítà Baikie kó ọkọ̀ Pleiad wọ Ọya ní 1854, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fún àwọn òyìnbó inú ọkọ̀ ní kuiníìnì kí ibà tó mú wọn. Crowther tún wà níbẹ̀. Wọ́n lò ju oṣù mẹ́ta lọ lórí omi, ibà ò sì pa ẹnì kan nínú wọn. Odò kan náà ni, ibà kan náà ni.

Ẹ má pe wíwo ẹ̀yìn ní àbámọ̀. Ẹni tó ń kábàámọ̀ jókòó síbi tó ṣubú sí ni. Ẹni tó sì wo ẹ̀yìn kìkì láti wá ẹni tí yóò di ẹ̀bi rù, ọmọdé ṣì ni, ilẹ̀ ló ń nà.

Mo mọ ìyá kan tó ń ránṣọ. Bí oníbàárà bá dá aṣọ padà fún àtúnṣe, á fi báírò pupa fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ onítọ̀hún nínú ìwé ìwọ̀n. Lọ́dún kan, ó ti gbà pé ọmọ iṣẹ́ òun ló ń ba apá aṣọ jẹ́. Nígbà tó ṣí ìwé náà lópin ọdún, ìlà pupa pọ̀ jù lọ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Iléyá, nígbà tó gba àǹkó òde mẹ́ta lé aṣọ ọdún lórí, tó ń fi iná jẹnẹrétọ̀ gé aṣọ lóru. Òun alára ló gé àwọn apá náà. Owó àsansílẹ̀ tó mú un gba iṣẹ́ ju agbára rẹ̀ lọ ni òkúta tó fẹsẹ̀ kọ.

Ó pe ọmọ iṣẹ́ náà, ó ṣí ìwé hàn án, ó ní kó má bínú. Mo gbà pé ibí gan-an ni òwe náà jinlẹ̀ sí, nítorí àgbà kì í dá rìn. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ lè fẹsẹ̀ kọ òkúta kan náà. Láti ìgbà náà, bí Iléyá bá ti ku ọ̀sẹ̀ méjì, ìyá náà kì í gba aṣọ tuntun mọ́, bó ti wù kí owó rẹ̀ pọ̀ tó. Ọmọ iṣẹ́ yẹn ti gba fírídọ̀ọ̀mù, ó ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, òfin ọ̀sẹ̀ méjì yìí kan náà ló sì fi ń ṣiṣẹ́.