Ta Ni Owó Eré Ìdárayá Wà Fún?

Ẹ̀yin ará mi, lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ìyá kan nínú ìjọ wa fi risíìtì owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ hàn mí. Kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ lọmọ náà wà. Ó na ìka sí ibi tí wọ́n kọ owó eré ìdárayá sí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọmọ mi ò sáré, kò gbá bọ́ọ̀lù. Eré ta ni mò ń sanwó rẹ̀?" Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín ò wá. Ohun tó ń béèrè ju owó lọ: ṣé ó tọ́ kí gbogbo ènìyàn máa sanwó ohun tí àwọn díẹ̀ ń ṣe?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wò ó níbi tó jìnnà, torí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ máa ń tètè yé ni ju tẹni lọ. Àwọn ọmọ wa mìíràn tó lọ sí Amẹ́ríkà, kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì tí wọ́n ń pè ní community college ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Torí àwọn ará àdúgbò ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀, owó rẹ̀ ò sì pọ̀ tó ti yunifásítì. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá jáde ní kíláàsì, ibi iṣẹ́ tàbí ọ̀dọ̀ ọmọ ló kàn. Àyè eré dà? Síbẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ló ní ẹgbẹ́ eléré ìdárayá.

Ní ìpínlẹ̀ Kansas, owó orí ilé àti ilẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n fi ń gbé irú kọ́lẹ́ẹ̀jì bẹ́ẹ̀ ró. Ìyẹn ni pé ìyá àgbà tó ní ilé kékeré kan, tí kò dé pápá rí, òun náà ń dáwó. Ọ̀kan nínú wọn ni Barton, nílùú kékeré Great Bend. Ibẹ̀ ni Veronica Campbell, ọmọ Jàmáíkà, ti kàwé kó tó gba wúrà Òlíńpíìkì nínú eré 200 mítà ní 2004 àti 2008. Tyson Gay náà gba ibẹ̀ kọjá.

Ṣé ìyá àgbà yẹn jèrè? Ẹnì kan á ní orúkọ ìlú rẹ̀ ti dé òkè òkun. Ẹlòmíràn á ní orúkọ ò ra ìwé, kí wọ́n fi owó náà ra ẹ̀rọ fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu àwọn méjèèjì. Kódà àwọn fúnra wọn ò fẹnu kò: ní Kansas wọ́n ń fún eléré ní sikọláṣíìpù, ní California, kọ́lẹ́ẹ̀jì bẹ́ẹ̀ kì í fún un nítorí eré.

Èmi ò rò pé owó àjùmọ̀dá burú. A kì í sùn ká kọrí síbì kan náà. Gbogbo wa kọ́ la wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, síbẹ̀ gbogbo wa la dáwó ra ìlù. Àmọ́ bí wọ́n bá lu ìlù náà, gbogbo wa la jọ ń jó o. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ní 1972, Amẹ́ríkà ṣe òfin Title IX, pé ilé-ẹ̀kọ́ tó bá ń gba owó ìjọba àpapọ̀ kò gbọdọ̀ fi nǹkan du ẹnikẹ́ni torí pé obìnrin ni. Òfin yẹn ò béèrè pé ife mélòó lẹ gbà. Ó béèrè pé: ta lẹ tilẹ̀kùn mọ́?

Ẹ tún wo eléré náà fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá mú ọmọ wá láti ọ̀nà jíjìn torí pé ó lẹ́sẹ̀ eré, tí ọdún méjì wá pé, tí orúnkún ti yẹ̀, tí kò sì níwèé ẹ̀rí lọ́wọ́, kí ni wọ́n ṣe fún un? Wọ́n lo ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n gbàgbé orí rẹ̀. Bó tiẹ̀ gba ife wálé, ìrẹ́jẹ ni.

Mo ní kí ìyá ọjọ́ Ìsinmi yẹn bi ọmọ rẹ̀ bóyá ó ti wọ pápá rí. Lọ́sẹ̀ kejì ó mú èsì wá: àwọn tó ń ṣojú ilé-ẹ̀kọ́ nìkan ló ń wọ̀ ọ́, géètì làwọn yòókù ń wò. Ṣé ẹ rí i? Owó yẹn kọ́ ló burú, kọ́kọ́rọ́ ni.

Ẹ̀yin òbí, ẹ sanwó, àmọ́ ẹ béèrè ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tí owó ìjọ sì wà níkàáwọ́ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ tiyín náà wò.