Ìdajì Òwe Tí Àgbà Kì í Pa

Nọ́ọ̀tù kan jábọ́ sínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mi lọ́jọ́ kan, ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́káníìkì kan n'Íbàdàn. Kò balẹ̀. Ó há síbi tí ojú ti lè rí i ṣùgbọ́n tí ọwọ́ ọ̀gá kò lè dé. Ọ̀gá na ọwọ́ títí, irin bó o lẹ́yìn ọwọ́, ló bá pe ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tó kéré jù, ọmọ tí kò tíì lè ju ọdún 15 lọ. Ọmọ náà gun bọ́ńpà, ó da àyà dé orí ẹ́ńjìnnì, ó ti ọwọ́ tín-ín-rín bọ abẹ́ páìpù. Ó di ojú méjèèjì bí ẹni tó ń fetí sí ohun tó wà lókèèrè. Ìka méjì ló fi fa nọ́ọ̀tù náà jáde. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọwọ́ àgbàlagbà kò kúkú wọ kèrègbè." Ó gba nọ́ọ̀tù, ó sì rán ọmọ náà lọ ra omi. Ibi tó pa òwe náà dé nìyẹn.

Bí mo ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó tọ́ mi, odindi rẹ̀ nìyí: Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè, iṣẹ́ tí èwe bá bẹ àgbà, kí ó má kọ̀ ọ́, gbogbo wa la níṣẹ́ tí a ń bẹ ara wa. Àwa tí a ti dàgbà fẹ́ràn ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. A máa ń fi í pe ọmọ wá síbi iṣẹ́. Ààrin rẹ̀ la máa ń fò, bẹ́ẹ̀ ààrin yẹn gan-an ni òwe náà ń lọ.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ó ṣe to ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ara. Kò bú ẹnikẹ́ni: kì í ṣe ọ̀lẹ ni kò jẹ́ kí ọmọdé tó pẹpẹ, kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ àgbà pé ọwọ́ rẹ̀ tóbi ju ọrùn kèrègbè lọ. Àléébù méjì ló gbé kalẹ̀, ó sì fi wọ́n sórí ìwọ̀n kan náà. Lẹ́yìn náà ló wá pàṣẹ, àgbà ló sì pa àṣẹ fún. Kò ní iṣẹ́ tí àgbà bẹ èwe, kí ó má kọ̀ ọ́. Ìyẹn ti wà nílẹ̀, kò sí ọmọ Yorùbá tí a kò kọ́. Òdìkejì rẹ̀ ló ṣòroó gbọ́, òun ló sì gba òwe. Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ ìṣe tó lò. A máa ń rán ọmọdé níṣẹ́ ni, ṣùgbọ́n òwe yìí kò lo rán. Bẹ̀ ló lò. Ẹni tí a rán kàn ń lọ ni. Ẹni tí a bẹ̀ níṣẹ́ lójú, ó ní iyì, a sì máa jẹ ẹ́ lọ́pẹ́ tó bá ṣe é tán. Nígbà tí òwe náà fi máa dé "ara wa", èwe àti àgbà ti di ẹlẹ́bẹ̀ fún ara wọn.

Ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ òwe yìí ni àwọn tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ ènìyàn, sosiọ́lọ́jì, máa ń kọ́kọ́ bá pàdé: kí ló so àwọn ènìyàn pọ̀ tí wọn kò fi túká? Émile Durkheim, ará Faransé, gbìyànjú láti dáhùn rẹ̀ nínú ìwé tó kọ lórí pípín iṣẹ́, èyí tó jáde ní 1893. Ó ní okùn méjì ló wà. Àwọn kan wà pọ̀ nítorí pé wọ́n jọra: iṣẹ́ kan náà, ìgbàgbọ́ kan náà, ìṣe kan náà. Àwọn mìíràn wà pọ̀ nítorí pé wọn kò jọra, tí ohun tí ẹnì kan kò lè ṣe fi wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yà ara ṣe nílò ara wọn.

Ẹni tó bá ti ṣe àáró rí mọ okùn àkọ́kọ́. Lónìí a kọ ebè ní oko tèmi, lọ́túnla ó di oko tìẹ. Iye ọjọ́ tí o fi bá mi ṣe ni mo jẹ ọ́. Ẹni tí agbára rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú tìrẹ lo ń bá wọ àáró. N. A. Fadipe, tí ìwé rẹ̀ lórí àwùjọ Yorùbá jáde ní 1970 lẹ́yìn tó ti kú, kọ nípa irú àjọṣe báyìí. Èsúsú náà ń tẹ̀ lé ọgbọ́n kan náà, iye kan náà lọ́wọ́ olúkúlùkù. Òwe wa kò sí ní ìdí èyí; okùn kejì ló bá mu. Kò sí ẹni tó lè bá ọmọdé wọ àáró. Gbèsè tó wà láàrin àwọn tí agbára wọn kò dọ́gba ni òwe yìí ń sọ, gbèsè tí a kò lè ka ọjọ́ rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi nílò òfin tirẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínsọlá Akìwọwọ ti Yunifásítì Ifẹ̀, tó fi àjọbí àti àjọgbé ṣe gbòǹgbò ẹ̀kọ́ rẹ̀, rí i pé irú ìmọ̀ yìí wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ní 1986 ó kọ ọ́ sílẹ̀ fún gbogbo ayé pé a lè ti inú ẹsẹ Ifá fa àlàyé yọ lórí bí ẹ̀dá ṣe ń ṣù wà papọ̀.

Ṣùgbọ́n mi ò lè fi ọ̀rọ̀ Durkheim parí àlàyé òwe yìí. Ẹ̀rù ń bà mí nítorí bó ṣe rọrùn tó láti fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bo nǹkan mọ́lẹ̀.

Ní Lancashire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láyé ìgbà tí ẹ̀rọ ìrànwú ṣẹ̀ṣẹ̀ gbòde, àwọn ọmọ kéékèèké ni wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ sábẹ́ ẹ̀rọ láti ṣa òwú tó bá jábọ́. Ẹ̀rọ náà kì í dúró dè wọ́n. Wọ́n á rá wọlé, wọ́n á rá jáde, kí irin tó padà wá. Karl Marx, ọmọ Jámánì tó gbé London fún ọ̀pọ̀ ọdún, sọ ọ́ nínú Das Kapital ní 1867 pé nígbà tí ẹ̀rọ ti gba iṣẹ́ agbára ṣe, ẹni tí ara rẹ̀ rọ̀ ni àwọn olówó tó ni ilé iṣẹ́ ń wá, obìnrin àti ọmọdé. Kí òfin tó dé ní 1833 tó kọ̀ fún ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ aṣọ láti gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 9, ọmọ ọdún mélòó ló ń rá lábẹ́ irin?

Níbẹ̀, ìdajì òwe wa ṣẹ pérépéré. Ọwọ́ àgbàlagbà kò wọ kèrègbè, ti ọmọdé wọ̀ ọ́ láti àárọ̀ dalẹ́. Ìdajì kejì ńkọ́? Oorun wà lórí pẹpẹ, ẹ̀kọ́ wà lórí pẹpẹ, owó tó tó jẹun wà lórí pẹpẹ. Ta ni ọmọ náà lè bẹ̀ níṣẹ́ pé kó bá òun mú un? Durkheim pàápàá gbà pé pípín iṣẹ́ tí a fi túláàsì ṣe kò lè so ènìyàn pọ̀. Ó kọ orí kan nípa rẹ̀. Marx ló wá bi wá ní ìbéèrè tó le jù: ta ló ni kèrègbè, ta ló sì ń mu ohun tó wà nínú rẹ̀?

Èyí ló jẹ́ kí n padà wo ohun méjì tí òwe náà fi ṣe àpèjúwe. Oko la ti ká kèrègbè. Bó ṣe so lórí ilẹ̀ ni ọrùn rẹ̀ ṣe rí. Pẹpẹ kò hù níbì kan. Ènìyàn ló mọ ọ́, ènìyàn ló sì pinnu bí yóò ṣe ga tó. Lóòótọ́, ìdí wà tí a fi gbé e ga: adìẹ, ewúrẹ́, ọwọ́ ọmọ tí kò mọ̀ pé ata ń ta. Síbẹ̀, ga la gbé e ga. A lè rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Bí mo bá ní láti sọ ohun tí sosiọ́lọ́jì fi kọ́ mi ní gbólóhùn kan, òun nìyí: nínú ohun tó ń dá ènìyàn dúró, kí a máa wá èyí tó so lóko àti èyí tí a fọwọ́ mọ.

Ọjọ́ orí ni òwe yìí fi wọn ènìyàn, kì í ṣe akọ tàbí abo. Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí, onímọ̀ sosiọ́lọ́jì, ti tẹnu mọ́ ọn nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1997 pé láàrin Yorùbá, ta ló ṣáájú ta ló ń to ènìyàn, ohun tí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ń sọ fún wa nìyẹn láìbèèrè ọkùnrin tàbí obìnrin. Mo rí ẹ̀tọ́ kan nínú ìyàtọ̀ tí a fi ọjọ́ orí ṣe: kì í dúró sójú kan. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó pẹpẹ lónìí yóò ga, ọwọ́ rẹ̀ kò sì ní wọ kèrègbè mọ́, òun náà á wá máa bẹ ọmọdé. Gbogbo ìdájọ́ òdodo inú òwe náà rọ̀ mọ́ kókó yìí pé ọmọ á dàgbà.

Ẹ wá wo ilé tí a ti ń pe ènìyàn ní ọmọ ọ̀dọ̀. Ẹni náà lè ti bímọ, irun rẹ̀ lè ti ń funfun, ọmọ ọ̀dọ̀ ló ṣì ń jẹ́. Ọmọ ọdún méje nílé náà ń pe orúkọ rẹ̀ gán-ńgán, ó ń rán an níṣẹ́. Òṣì ti mú un ní ọmọdé títí ayé. Bí a bá dúró síwájú irú ẹni bẹ́ẹ̀ tí a pa òwe ọwọ́ ọmọdé, irọ́ la pa, torí pẹpẹ tó wà níbẹ̀ kò sí lára ohun tí gígùn apá lè yanjú.

A ti rẹ pẹpẹ sílẹ̀ rí nílẹ̀ yìí, mo sì fẹ́ kí a máa rántí rẹ̀ pẹ̀lú iye tó náni. Ní oṣù kìn-ín-ní 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń darí bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún yẹn nìkan, iye ọmọ tó wà nílé ìwé lé ní 800,000. Àgbà ló san án. Àgbẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ ń bá a lé ẹyẹ nínú oko pàdánù ọwọ́ ọmọ náà láàárọ̀, wọ́n sì tún bu owó orí fún un. Inú bí àwọn ènìyàn. Owó orí náà, tí wọ́n ti bù kí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, wà lára ohun tó jẹ́ kí Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ẹgbẹ́ òṣèlú Awólọ́wọ̀, fìdí rẹmi ní Ìwọ̀-Oòrùn nínú ìdìbò àpapọ̀ 1954. Mi ò lè bú àwọn tó bínú. Iṣẹ́ tí èwe bẹ̀ wọ́n wúwo. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn kò kọ̀ ọ́: bàbá tí kò mọ ìwé kà ń dá nìkan pariwo lé ẹyẹ, kí ọmọ rẹ̀ lè jókòó sí kíláàsì.

Ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà, ọmọ náà gbé omi dé. Ọ̀gá mu ún, ó jókòó sórí táyà, ó ń fi rágì nu ìka. Ọmọ náà dúró síwájú rẹ̀, kò lọ. Ó tọ́ka sí pákó tí wọ́n kàn mọ́ ògiri lókè, níbi tí mítà tí wọ́n fi ń wo iná ọkọ̀ wà.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú mítà yẹn. Mo fẹ́ mọ bí ẹ ṣe máa ń mọ wáyà tó ti kú."

Ọ̀gá wo ọkọ̀ mi tí kò tíì parí, ó wo ojú mi. Mo ní kò sí wàhálà, mo lè dúró. Ó kérora díẹ̀, ó fi ọwọ́ ti orúnkún dìde, ó na apá sókè, ó mú mítà náà sọ̀kalẹ̀. Ó fẹ́ eruku orí rẹ̀ kúrò kó tó fi lé ọmọ náà lọ́wọ́.