Nígbà Tí Ìránṣẹ́ Ọlọ́run Bá Ṣàárẹ̀

Bíbélì kíkà: Ìwé Àwọn Ọba Kìn-ín-ní, orí 19, ẹsẹ 1 sí 18

A kí ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹnu iṣẹ́ òru dé, tí ẹ kò tíì fi orí kan ìrọ̀rí. A kí ẹ̀yin tọkọtaya tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí Marietta láti ilé. Ẹ kú àtìpó, ẹ kú àfaradà. Olúwa yóò fi ẹsẹ̀ wa múlẹ̀ o.

Bí a bá wa ọkọ̀ láti Marietta níhìn-ín, tí a la Atlanta kọjá, tí a sì bọ́ sí ọ̀nà I-20 tí ó lọ sí Augusta, a ó kan ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Greensboro. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti kọjá níbẹ̀ láìmọ̀ pé ọmọ ìlú náà wà lára àwọn tí ó ru ìhìnrere dé ilẹ̀ àwọn baba wa. Lurana Davis ni orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 1853 ni ó fẹ́ Thomas Jefferson Bowen, ọmọ Georgia bíi tirẹ̀, ní ọdún yẹn kan náà ni àwọn méjèèjì sì wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Èkó. Àwa kúrò ní ilẹ̀ Yorùbá wá sí Georgia. Àwọn kúrò ní Georgia lọ sí ilẹ̀ Yorùbá. Nítorí náà ni a fi fẹ́ kí a jọ wo ìrìn àjò wọn.

Bowen kì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ wa nígbà náà. Ó ti kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní oṣù kẹjọ ọdún 1850. Harvey Goodale tí wọ́n jọ gbéra láti Amẹ́ríkà ti kú ní Làìbéríà kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Bowen wà ní Abẹ́òkúta nígbà tí ogun Dahomey kọlu ìlú náà ní oṣù kẹta ọdún 1851. Ibẹ̀ ni ó ti jókòó kọ́ èdè Yorùbá, kí ó tó padà wá sílé láti wá ìyàwó àti àwọn òṣìṣẹ́ mìíràn.

Kí a má parọ́ fún ara wa, ẹ̀yin ará: àwọn tí ó rán Bowen kò mọ́ pátápátá. Ẹgbẹ́ àwọn Onítẹ̀bọmi ti Gúúsù, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Augusta ní ọdún 1845, orí ọ̀rọ̀ ẹrú ni wọ́n ti pínyà pẹ̀lú àwọn ará wọn ti Àríwá. Nígbà tí Bowen ń wàásù fún àwọn ènìyàn wa ní Ìjàyè, àwọn ènìyàn wa ń bẹ nínú oko òwú ní Georgia níhìn-ín gẹ́gẹ́ bí ẹrú. A kò gbàgbé. Síbẹ̀, Ọlọ́run a máa fi ìkòkò ẹlẹ́ẹ̀rí pọn omi mímọ́.

Tọkọtaya méjì mìíràn ni ó bá wọn wá ní ọdún 1853. Ojú ń dun ọ̀kan nínú àwọn ọkọ náà, ó sì níláti padà. Dennard àti ìyàwó rẹ̀ kú, kò pé ọdún kan. Ó wá ku Bowen àti Lurana. Wọ́n dé Ìjàyè, ìlú Kúrunmí, wọ́n kọ́ ilé, wọ́n kọ́ ilé ìsìn. Ìjàyè náà ni Lurana ti bí àkọ́bí wọn, wọ́n sì sọ ọ́ ní Mary Yorùbá. Ọmọ náà kò dàgbà. Ilẹ̀ Ìjàyè ni wọ́n sin ín sí.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ti bímọ níhìn-ín láìsí ìyá yín nítòsí tí yóò wẹ ọmọ, tí yóò sì fi omi gbígbóná jó yín, ẹ̀yin ni ẹ lè mọ bí ọkàn obìnrin yìí ti rí. Kò sí tẹlifóònù. Oṣù púpọ̀ ni lẹ́tà fi ń wà lójú omi.

Ní ọdún 1855 wọ́n ṣí lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ní ọdún 1856, ara kò gbà á mọ́, wọ́n padà sí Amẹ́ríkà. Ìwé Bowen lórí gírámà àti ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá jáde láti ọ̀dọ̀ Smithsonian ní ọdún 1858. Ní ọdún 1860 ó tún gbìyànjú iṣẹ́ ìránṣẹ́ ní Brazil, àmọ́ àìsàn ni ó dá a padà ní ọdún 1861.

Ibi tí a sábà máa ń dánu dúró sí nìyẹn nígbà tí a bá ń sọ ìtàn Bowen. A ó wá fò dé Bowen University ní Ìwó. Àmọ́ àwa tí a ń kọ ìwé yìí, nọ́ọ̀sì ni wá, a kì í lè fo ojú ewé tí aláìsàn wà. Bowen kò gbádùn mọ́ láti ìgbà náà. Ara ń dùn ún, ọkàn rẹ̀ sì dàrú. Ní ilé ìwòsàn àwọn tí ọpọlọ ń dà láàmú ní Milledgeville, ní Georgia yìí kan náà, ni ó kú sí ní oṣù kọkànlá ọdún 1875.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí ó gbin ìjọ, ẹni tí ó kọ ìwé èdè wa, ilé wèrè ni ó kú sí. Ṣé Ọlọ́run ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀ ni? Ṣé kò nígbàgbọ́ tó ni?

Ẹ wo wòlíì Èlíjà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pe iná sọ̀kalẹ̀ ní òkè Kámẹ́lì ni. Ìránṣẹ́ Jésébẹ́lì dé, ọkùnrin náà sì sá. Ó fi ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní Bééṣébà, ó dá nìkan wọ aginjù lọ, ó jókòó sábẹ́ igi, ó sì bẹ Ọlọ́run pé kí òun kú. Kí ni Ọlọ́run ṣe? Kò bá a wí. Kò ní kí ó gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ó jẹ́ kí ó sùn. Ó rán áńgẹ́lì kí ó fọwọ́ kàn án, kí ó sì gbé oúnjẹ àti omi síwájú rẹ̀. Ó tún sùn, ó tún jẹun. Ẹ̀yìn èyí ni ìrìn àjò lọ sí Hórébù, ẹ̀yìn èyí ni ohùn jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà ni Ọlọ́run sọ fún un pé kì í ṣe òun nìkan ni ó kù, tí ó sì fún un ní Èlíṣà gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́. Oorun, oúnjẹ, ọ̀rọ̀, ẹnìkejì. Bí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ti tọ́jú aláàárẹ̀ nìyẹn.

Ní báyìí, a fẹ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tiwa. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, arákùnrin kan wà tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Wọ́n ti gbà wá láyè láti sọ ọ́, a kò sì ní í dárúkọ. Ipò ńlá ni ó wà nílé. Níhìn-ín, òru ni ó fi ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí. Ìyàwó ń ṣe iṣẹ́ méjì. Nígbà tí ó yá, kò sùn mọ́, kò jẹun mọ́, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá kí òun. Ìyàwó a máa sọ fún wa pé ó ti rìnrìn àjò. Nígbà tí ó wá sọ òtítọ́ fún wa, a gbàdúrà, a sọ fún un pé kí ó ní ìgbàgbọ́, a sì lọ sílé. Ojú nọ́ọ̀sì wa ti rí ohun tí ó rí, àmọ́ ìtìjú ìjọ di ẹnu wa. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn èyí, ní àárọ̀ òtútù, wọ́n bá arákùnrin náà láìwọ bàtà ní ibi tí a ń gbé ọkọ̀ sí ní ilé ìsìn. Ó ní òun wá dágbére fún Ọlọ́run.

Ọlọ́run dá a sí. Ó ń lo oògùn, ó ń rí dókítà, òun náà ni ó sì ń to àga ní ọjọ́ ìsinmi lónìí. Àmọ́ kì í ṣe ọgbọ́n wa ni ó gbà á là.

Àwọn àgbà ní wèrè dùn ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ. Ọ̀rọ̀ yẹn ni ó ń mú wa fi àìsàn pamọ́. Àmọ́ àwọn àgbà kan náà ni ó ní ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá ń ṣe ènìyàn, ó ń lo oògùn, a kò sì sọ pé kò nígbàgbọ́. Ọpọlọ náà, ara ni; Ọlọ́run kan náà ni ó dá a.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, bí ẹ bá rí ẹni tí kò sùn fún ọ̀pọ̀ òru, tí ó ń sá fún ènìyàn, tí ó ń sọ pé ikú sàn ju ayé lọ, ẹ má ṣe dá a dá àdúrà nìkan. Ẹ gbàdúrà, ẹ sì mú un lọ rí dókítà. Láti oṣù keje ọdún 2022, ẹnikẹ́ni ní Amẹ́ríkà lè tẹ 988 lórí fóònù, lọ́sàn-án àti lóru, láti bá ẹni tí ó mọ̀ nípa rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí ewu bá ti dé tán, 911 ni kí ẹ pè. Ẹ bi í léèrè gbangba bóyá ó ń ronú láti pa ara rẹ̀. Ìbéèrè náà kò ní í fi èrò náà sí i lọ́kàn.

Ẹ rántí àwọn olùṣọ́-àgùntàn wa àti àwọn ìyàwó wọn pẹ̀lú. Ẹni tí ó ń wàásù fún wa ní ọjọ́ ìsinmi lè jẹ́ ẹni tí ó wà lábẹ́ igi Èlíjà láti ọjọ́ Ajé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi. Ẹ gbé ọbẹ̀ lọ fún wọn, ẹ má sì jókòó pẹ́.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ilé ìwòsàn àwọn Onítẹ̀bọmi tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1907 ni a ń pè ní Bowen University Teaching Hospital lónìí. Orúkọ ọkùnrin tí ó kú sí Milledgeville ni ó wà lẹ́nu ọ̀nà ibi tí àwọn ènìyàn wa ti ń gba ìwòsàn. Èyí ni ìdáhùn tí a rí sí ìbéèrè wa: Ọlọ́run kò kọ̀ ọ́ sílẹ̀.

Kí Olúwa tí ó gbé oúnjẹ lọ bá Èlíjà ní aginjù rán wa sí ara wa. Kí ó fún aláìsùn ní oorun, kí ó fún àtìpó ní ará. Kò ní í rẹ̀ wá dópin, ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.